Wíwọn Ohun Tí Ojú Kò Tó: Ìmọ̀ Ìṣirò Ilẹ̀ Láti Oko Iṣu Àríwá Èkìtì Dé Àká Epo Inú Òkúta Ẹfun Lábẹ́ Òkun

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Orí ilẹ̀ ni a ń gbé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń gbé ayé ló wà lábẹ́ rẹ̀: omi kànga, wúrà, epo rọ̀bì, òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ojú kò tó wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn gbọ́dọ̀ gbẹ́lẹ̀, owó kékeré kọ́ sì ni a fi ń gbẹ́lẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìkọ̀lé, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dá owó jọ láti gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún fọwọ́ sọ̀yà pé omi yóò jáde, nítorí pé kànga-dẹ̀rọ ilé kan tí kò jìnnà síbẹ̀ ń fún wọn ní omi dáadáa. Wọ́n gbẹ́ títí, àpáta gbígbẹ ni wọ́n bá. Owó lọ, omi kò jáde. Èmi tí mò ń kọ iṣẹ́ yìí wà lára àwọn tí ó dáwó. A kò bínú pé àpáta tan ọkùnrin náà, nítorí pé àpáta lè tan ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó dùn wá ni pé kò sọ fún wa bí iyèméjì rẹ̀ ti tó kí a tó náwó.

Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ìwọ̀nba díẹ̀ tí a rí ṣírò púpọ̀ tí a kò rí, kí ó sì sọ bí iyèméjì wa ti tó. Geostatistics ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nínú iṣẹ́ yìí, ìmọ̀ ìṣirò ilẹ̀ ni a ó máa pè é. Ọ̀kan lára ibi tí ó ti le jù lọ láti lò ó ni wíwá epo rọ̀bì inú òkúta ẹfun lábẹ́ agbami òkun. Èrò wa ni láti ṣàlàyé ìmọ̀ yìí fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn. A ó sì fi hàn pé ohun tí àwọn awa-epo ń bá yí lábẹ́ òkun kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí ó gba owó kànga lọ́wọ́ wa nílé.

Àká Epo Kì í Ṣe Adágún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ńṣe ni epo rọ̀bì lọ gbári sí abẹ́ ilẹ̀ bí adágún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkúta ni epo ń gbé. Ẹ jẹ́ kí a wo àmù tí àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú omi mímu. Bí a bá pọn omi kún àmù, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi máa rin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmù náà kò fọ́, kò sì lu. Àwọn ihò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí ni omi ń gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta tí epo wà nínú rẹ̀ rí. Àká epo ni a ó máa pe irú òkúta bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo pamọ́ sínú àká, bẹ́ẹ̀ ni òkúta yìí ń gba epo sínú ihò ara rẹ̀.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àká epo. Èkíní ni ìwọ̀n ihò, ìyẹn ni pé nínú òkúta tí a bá pín sí ọ̀nà 100, mélòó ni ó jẹ́ ihò lásán? Èkejì ni ìwọ̀n ìgbàkọjá, ìyẹn bí ihò kan ṣe já sí èkejì tí epo fi lè rí ọ̀nà gbà. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Akèrègbè tí a kò tíì dá ẹnu sí ní àyè púpọ̀ nínú, síbẹ̀ nǹkan kan kò lè ti inú rẹ̀ jáde. Ihò ara àmù kéré, omi sì ń rọra gbà á kọjá. Ti ajere ni ó wá pọ̀ jù, kíá ni omi ń gba inú rẹ̀ ṣàn lọ. Nínú àká epo kan ṣoṣo, a lè bá òkúta tó rí bí akèrègbè, èyí tó rí bí àmù àti èyí tó rí bí ajere, kí wọ́n sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Àṣìṣe díẹ̀ nínú ìṣirò ihò kì í ṣe ohun kékeré. Bí ìwọ̀n ihò àká kan bá jẹ́ 10 nínú 100, tí a wá ṣèèṣì ṣírò rẹ̀ sí 12, a ti fi ìdá kan nínú márùn-ún bu epo ibẹ̀ kún ju bí ó ti yẹ lọ. Owó ọkọ̀, owó páìpù àti owó-orí tí ìjọba ń retí yóò sì dúró lórí àṣìṣe náà.

Òkúta Ẹfun àti Ìṣòro Rẹ̀

Epo tí a kọ́kọ́ rí fún títà ní Nàìjíríà, ìyẹn ti Olóíbìrí ní ọdún 1956, inú òkúta yanrìn ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú epo agbègbè Niger Delta. Ní ẹ̀bá ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, àká epo Ajé tí wọ́n rí nínú òkun Àgbádárìgì ní ọdún 1996, tí epo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀ ní ọdún 2016, òkúta yanrìn ni. Odò ló ń gbé yanrìn wá. Hóró rẹ̀ sì ń jókòó lé ara wọn bí ẹ̀wà inú kóńgò, àyè àárín wọn ni ihò. Bí a bá mọ bí odò àtijọ́ náà ṣe ṣàn, a lè méfò ibi tí yanrìn wà.

Òkúta ẹfun yàtọ̀. Òun ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1960. Ara àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí inú omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá: ìkarahun, egungun wẹ́wẹ́, àti ohun tí àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí fi sílẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín náà ló wà nínú òkúta yìí, ìyẹn kálísíọ́mù kábọ́nétì. Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìnáwó: kí ó gún ìkarahun ìgbín lúbúlúbú, kí ó sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Yóò hó. Omi kíkan ń jẹ ẹ́.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí òkúta ẹfun bá ti dì tán, omi abẹ́ ilẹ̀ kò yéé ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Níbi kan, omi á jẹ ẹ́ títí tí ihò rẹ̀ yóò fi fẹ̀ tó ìka ọwọ́. Níbòmíràn, omi kan náà á kó ẹfun wá, á sì fi dí ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀ pa. Bí ilẹ̀ bá mì, òkúta náà á sán, ojú sísán rẹ̀ á sì di ọ̀nà tí epo ń gbà. Nítorí náà, ibi tí a fẹsẹ̀ lé lè dà bí ajere, kí èyí tó wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síbẹ̀ sì le gbàgìdì. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ gbà pé ó ju ìdajì lọ nínú epo ayé tí ó wà nínú irú òkúta yìí, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè fi í sílẹ̀.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù lára èyí tó wà lábẹ́ òkun ni Tupi, tí ilé-iṣẹ́ Petrobras àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ rí ní ọdún 2006 nínú agbami òkun Bràsíl. Jíjìn omi níbẹ̀ lé ní 2,000 mítà. Lábẹ́ omi náà ni ilẹ̀ wà, lábẹ́ ilẹ̀ ni ìpele iyọ̀ tí nínípọn rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 mítà, abẹ́ iyọ̀ ni òkúta ẹfun tó gba epo sínú ti wá wà. Kànga tó bá máa dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá 5,000 mítà láti ojú òkun. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ti rò. Ní ohun tó ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ sẹ́yìn, ilẹ̀ Bràsíl tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá di ẹrú lọ àti ilẹ̀ Áfíríkà so mọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń ya, àwọn adágún ńlá dúró sí àárín wọn, inú adágún wọ̀nyẹn ni òkúta ẹfun yìí ti ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn awa-epo fi wá ìkejì rẹ̀ lọ sí apá ti Áfíríkà. Wọ́n sì rí epo nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Cameia, nínú òkun Àǹgólà, ní ọdún 2012. Ọdún 2024 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí kíkọ́ ohun èlò tí yóò fà á jáde.

Owó kànga kan ṣoṣo nínú irú ibú bẹ́ẹ̀ lè tó 100 mílíọ̀nù dọ́là. Nítorí náà, kànga kì í pọ̀. Ká ní àká epo kan fẹ̀ tó 20 kìlómítà ní ìbú àti ní òró, tí a sì gbẹ́ kànga mẹ́wàá sí i, tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Ohun tí a fojú rí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 800 mílíọ̀nù ojú ilẹ̀ náà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, kànga mẹ́wàá kò sì lè dá àká ṣe. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ojú omi lè rán ìró lọ sí ìsàlẹ̀, kí ó sì gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà, bí ohùn wa ṣe ń ta padà láti ara òkè. Ìyẹn á fi bí òkúta ṣe tẹ́ hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ihò kọ̀ọ̀kan hàn. Àlàfo tó kù, ìṣirò ni yóò dí i.

Ohun Tí Ebè Iṣu Ń Kọ́ Wa

Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí kò ju ohun tí gbogbo àgbẹ̀ Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó mọ̀ lọ. Bí àgbẹ̀ bá wa ebè kan tí iṣu rẹ̀ tóbi, yóò retí pé èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò tóbi. Kò ní retí ohun kan náà láti ara ebè tó wà ní òdì-kejì oko, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ lè jẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Ìyẹn ni pé ohun tó súnmọ́ ara wọn máa ń jọ ara wọn, bí wọ́n bá sì ti ń jìnnà síra ni ìjọra náà ń dín kù, títí tí yóò fi tán. Àgbẹ̀ mọ èyí. Ohun tí oníṣirò fi kún un ni pé ó wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ebè mẹ́fà lórí ìlà kan, tí iṣu wọn wọ̀n ní kìlógíráàmù báyìí: 4, 5, 5, 7, 8, 7. A ó kọ́kọ́ wo àwọn ebè tó fara kan ara wọn. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1, 0, 2, 1 àti 1. A ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 1, 0, 4, 1, 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. A ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún, a ó sì dá ohun tó jáde sí méjì: 0.7. Lẹ́yìn èyí, a ó wo àwọn ebè tó fi ẹyọ kan sí àárín. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1, 2, 3 àti 0. Ìlọ́po wọn jẹ́ 1, 4, 9 àti 0. Ìṣirò náà yóò fún wa ní 1.75. Àwọn tó fi ebè méjì sí àárín yóò fún wa ní nǹkan bí 3.67. Bí a bá ya 0.7, 1.75 àti 3.67 sórí ìwé gẹ́gẹ́ bí jíjìnnà wọn, ìlà tó ń gòkè ni a ó rí. Ìlà ìyàtọ̀ ni a ó pe èyí. Variogram ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ebè mẹ́fà kò tó fún iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ni.

Ohun mẹ́ta ni ìlà ìyàtọ̀ ń sọ. Àkọ́kọ́ ni ibi tí ìlà náà ti dáwọ́ gígòkè dúró. A ó pe ibẹ̀ ní òpin ìbátan, nítorí pé ohun méjì tí wọ́n jìnnà síra kọjá ibẹ̀ kò ní ohunkóhun láti sọ nípa ara wọn mọ́. Èkejì ni ìyàtọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ tó ti wà láàárín ohun tó tilẹ̀ fara kan ara wọn. Láti ibi ìwakùsà wúrà ni èrò yìí ti wá: kúlúkúlú wúrà lè wà lójú kan, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an má ní ohunkóhun. Ẹ̀kẹta ni apá tí a kọjú sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ilẹ̀ kan náà lè gùn lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n láti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ sí odò, kíá ni ilẹ̀ ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àká epo: òpin ìbátan rẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ní ìbú, kí ó má sì ju mítà mélòó kan lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀.

Ọgbọ́n Krige

Ọmọ Áfíríkà ni ẹni tó ṣínà ìmọ̀ yìí. Danie Krige ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀ńjínníà ìwakùsà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní àwọn ibi ìwakùsà wúrà Witwatersrand, ó ṣàkíyèsí pé bí àyẹ̀wò kékeré bá fi wúrà púpọ̀ hàn, òkúta ńlá tó yí i ká kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá sì fi díẹ̀ hàn, òkúta tó yí i ká sábà máa ń ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi àyẹ̀wò lásán díwọ̀n ilẹ̀ yóò gbówó lé ibi tí kò yẹ. Ó ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè màsítà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Witwatersrand ní ọdún 1951. Georges Matheron, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló wá gbé e ka orí ìpìlẹ̀ ìṣirò tó dúró ṣinṣin ní àwọn ọdún 1960, tó sì fi orúkọ Krige sọ ọgbọ́n náà, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní kriging títí di òní.

Ọgbọ́n Krige dà bí ìgbẹ́jọ́ àgbà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnì kankan nínú wa kò sí, ẹlẹ́rìí ni a ń pè. Ẹ̀rí ẹni tó súnmọ́ ibẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó jìnnà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí méjì bá jọ jáde láti inú ilé kan náà, àgbà tó gbọ́n kò ní ka ẹ̀rí wọn sí méjì gbáko, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n jọ rí. Ọgbọ́n Krige ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kànga. Ó ń wo bí kànga kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ibi tí a ń bèèrè, ó ń wo bí àwọn kànga ṣe súnmọ́ ara wọn, ìlà ìyàtọ̀ ni ó sì fi ń pinnu bí ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó.

Lẹ́yìn ìdájọ́, ó tún ń sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ onídàájọ́ kì í sọ: bí iyèméjì ìdájọ́ náà ti tó. Nítòsí kànga, iyèméjì náà kéré. Bí a ti ń jìnnà, ó ń pọ̀ sí i. Níbi tó bá ti kọjá òpin ìbátan, ìṣirò náà á jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ju ohun tí a mọ̀ nípa àká náà lápapọ̀ lọ.

Àwòrán Kan Kò Tó

Ọgbọ́n Krige ní àléébù kan. Nítorí pé ó ń wá ìdájọ́ tó bá gbogbo ẹlẹ́rìí mu níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó máa ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ibi gíga á rẹlẹ̀, kòtò á sì kún. Ẹ jẹ́ kí a wo bèbè adágún ẹja. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ mítà kan ní ìṣirò ìdọ́gba, tí ó sì ya lójú kan, ibi tó ya yẹn ni omi yóò gbà lọ tán. Ẹni tí a bá sọ ìdọ́gba nìkan fún kò ní mọ ohun tó gbé ẹja rẹ̀ lọ. Nínú òkúta ẹfun, ojú sísán tàbí ìpele tín-ín-rín tó dà bí ajere ni ibi tó ya náà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti omi sílẹ̀ kí ó lè lé epo wá, omi náà á gba ọ̀nà yẹn yọ sí wọn, á sì fi ọ̀pọ̀ epo sílẹ̀ sẹ́yìn.

Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ kì í ya àwòrán kan ṣoṣo mọ́. Wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ya ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá ohun tí a rí nínú kànga mu, ó gbọ́dọ̀ bá gbohùngbohùn mu, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìlà ìyàtọ̀ mu. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ẹnì kankan kò rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Wọ́n á wá ṣírò epo tó lè jáde nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tò ó láti orí kékeré dé ńlá. Iye tí 90 nínú 100 àwòrán kọjá ni wọ́n lè gbọ́kàn lé dáadáa. Iye tí 50 kọjá ni ti àárín. Iye tí 10 péré kọjá, ìrètí ni, kì í ṣe ohun tí a ń torí rẹ̀ yá owó.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò lè rọ́pò ẹni tó mọ òkúta. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá ṣi òpin ìbátan pè, tàbí tó ka òkúta adágún sí òkúta etí òkun, gbogbo ọgọ́rùn-ún àwòrán náà yóò jọ ṣìnà ni. Iyèméjì tí a wọ̀n kò ju iyèméjì tí a mọ̀ pé a ní lọ.

Omi Inú Àpáta Ní Àríwá Èkìtì

Kò sí òkúta ẹfun onípò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí epo rọ̀bì lábẹ́ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó. Orí àpáta líle àtayébáyé ni a tẹ ìlú wa dó sí. Àpáta yìí fúnra rẹ̀ kò ní ihò tó lè gba omi. Ibi méjì péré ni omi ń gbé níbẹ̀: nínú ìpele òkè tí oòrùn àti òjò ti jẹ tó sì ti rọ̀, àti nínú ojú sísán àpáta tó wà nísàlẹ̀. Àwọn awa-omi máa ń fi iná mànàmáná wọ ilẹ̀ láti mọ bí ìpele rírọ̀ náà ti nípọn tó, nítorí pé ilẹ̀ tó ní omi máa ń jẹ́ kí iná kọjá ju àpáta gbígbẹ lọ. Irú ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, tí ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ jiofísíìsì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí kànga ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ lo ọgbọ́n ebè iṣu: ilé tó wà nítòsí ní omi, nítorí náà omi yóò wà níbí. Ibi tó ti ṣìnà ni pé kò bèèrè òpin ìbátan. Ojú sísán àpáta lè ṣàì fẹ̀ ju mítà mélòó kan lọ. Kànga tó bọ́ sí i yóò ní omi. Èyí tó yà á díẹ̀ kò ní ní. Nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀, kànga ilé kejì jẹ́ ẹlẹ́rìí tó wá láti ọ̀nà jíjìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa rí i nítòsí. Òkúta ẹfun abẹ́ òkun àti àpáta Èkìtì bá ara wọn mu níbí: nínú àwọn méjèèjì, ohun tí a ń wá ń yí padà láàárín ìgbésẹ̀ díẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Àkọ́kọ́, kí a wọn ilẹ̀ ní ojú púpọ̀, kì í ṣe ní ojú kan. Èkejì, kí a máa kọ ìtàn gbogbo kànga tí a bá gbẹ́ sílẹ̀, èyí tó ní omi àti èyí tó gbẹ: ibi tó wà, jíjìn rẹ̀, nínípọn ìpele rírọ̀, omi tó ń jáde. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kòtò tí a kò kọ sílẹ̀ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Kànga gbígbẹ náà jẹ́ ẹ̀rí, ìtìjú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ òbí máa bi ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga pé, nínú kànga mẹ́wàá tí o gbẹ́ sí irú ilẹ̀ yìí, mélòó ló ní omi? Ẹni tí kò lè dáhùn kò tíì wọn iyèméjì rẹ̀.

Lílò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì àti Ọ̀rọ̀ Èdè-Ìperí

Olùkọ́ lè kọ́ni ní gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láìní kọ̀ǹpútà. Kí ó fi ẹfun ya ojú ilé 36 sí ilẹ̀, mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró. Kí ó kọ nọ́ńbà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó súnmọ́ ara wọn jọ ara wọn. Kí ó fi páálí bo gbogbo wọn àyàfi mẹ́jọ. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ iye tí wọ́n rò pé ó wà lábẹ́ páálí kan, kí wọ́n sì sọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí ó lè jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ láti 5 dé 9, tí a bá 8 níbẹ̀, sàn ju èyí tó fọwọ́ sọ̀yà pé 6 ni lọ. Bí eré yìí bá ti wọ̀ wọ́n lára, kí wọ́n ṣírò ìlà ìyàtọ̀ bí a ti ṣe é lókè yìí.

Àwa olùkọ́ èdè tún ní iṣẹ́ tiwa níbẹ̀. Yorùbá kò tòṣì ní ọ̀rọ̀ iyèméjì. A ní ó dá mi lójú, ó jọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe, mo fura, bóyá, n kò mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́kàn ẹni tó gbọ́ èdè. Kí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti orí èyí tó lágbára jù dé èyí tó rẹlẹ̀ jù, kí wọ́n sì fi iye nínú 100 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò rí i pé ìmọ̀ ìṣirò kò kó àjèjì wọ ilé. Ó kàn fi òṣùwọ̀n sí ohun tí ahọ́n wa ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ni.

Kì í ṣe òní ni irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984. Èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Òfin ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, ó ń bọ̀: ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n tún fagi lé ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n òfin kan kò dí wa lọ́wọ́ láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Àká epo, ìwọ̀n ihò, ìwọ̀n ìgbàkọjá, ìlà ìyàtọ̀, òpin ìbátan àti ìyàtọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí a lò nínú iṣẹ́ yìí, àbá ni wọ́n. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kí ó mú un wá.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣàlàyé pé inú ihò òkúta ni epo rọ̀bì ń gbé, pé òkúta ẹfun ṣòro ju òkúta yanrìn lọ nítorí pé omi kò yéé yí i padà, àti pé ìwọ̀nba kànga díẹ̀ ni a fi ń mọ ohun tó wà nínú àká ńlá. A ti fi ebè iṣu ṣàlàyé ìlà ìyàtọ̀, a fi ìgbẹ́jọ́ ṣàlàyé ọgbọ́n Krige, a sì fi bèbè adágún ṣàlàyé ìdí tí àwòrán kan kò fi tó. A tún ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ yìí kan omi tí a ń mu ní àríwá Èkìtì.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń wá owó kànga mìíràn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, ìrètí wa ni pé ẹnì kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí wọ́n ka iṣẹ́ yìí yóò wà ní ìpàdé náà, yóò sì fi Yorùbá tó já gaara bèèrè pé: báwo ni iyèméjì rẹ ti tó?